Páńpáàsì, omi àti èéfín: ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, báwo lẹ ṣe ń dín ìdọ̀tí kù nílé?

Ìyá Ìbejì Mọ̀níyà

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ilé o. Ìbejì ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń lọ sí oṣù mẹ́ta. Oorun tí mi ò rí sùn kọ́ ló gbé mi débí, ìyẹn ti mọ́ mi lára. Àpò páńpáàsì tó wà lẹ́yìn ilé ló gbé mi wá. Àpò ìrẹsì ńlá la ń kó wọn sí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ti kún dẹ́nu. Ìgbà tó bá wu àwọn PSP ni wọ́n ń wá kó ìdọ̀tí ládùúgbò wa. Aládùúgbò wa kan kì í dúró dè wọ́n, lálẹ́ ló máa ń sun tirẹ̀, èéfín rẹ̀ a sì gba ojú fèrèsé wọ yàrá àwọn ọmọ.

Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa wẹ ọmọ ní nígbà tiwọn, àkísà ìró ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Ó wù mí kí n gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ omi ń dẹ́rù bà mí. Kànga la ní, ó sì máa ń fà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Iná ìjọba náà ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ṣé ẹni tó bí ìbejì lè lo nápíkìn aláṣọ kó má kú sídìí ìfọṣọ? Wáìpù ń kọ́? Fídà ń kọ́? Òrí àti ọṣẹ dúdú, ṣé ó yẹ ọmọ tó kéré báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n yí gbogbo ilé padà lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára mi ò gbé e.

Màmá Fọlá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, wọ́n á dògbó.

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Aṣọ lọ́sàn-án tí ẹ bá wà nílé, páńpáàsì lóru àti lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ tuntun kan lè lo mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́, tiyín sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí aṣọ bá gba iṣẹ́ ọ̀sán nìkan, ó ti kó ju ìdajì lọ kúrò nínú àpò ìrẹsì yẹn, owó yín á sì mí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta aláràbarà tó ní bọ́tìnnì fún yín lówó gọbọi. Nápíkìn onígun mẹ́rin tó dà bíi táwẹ́lì, èyí tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé nǹkan tí aboyún máa rà, òun ló yá gbẹ jù, torí ẹ lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lórí okùn. Àwọn tí wọ́n rán ní ìpele-ìpele yẹn, lásìkò òjò, òde rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Dọ́sìnnì mẹ́ta tó ìbejì bí ẹ bá ń fọ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fi pátá rọ́bà bíi mẹ́fà tì í. Tí ẹ bá ń ki píìnì, ẹ ti ìka yín bọ àárín aṣọ àti ara ọmọ kó tó wọlé. Bó bá máa gún èèyàn, ẹ̀yin ni kó gún. Fún ọmọkùnrin, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́po tó nípọn wà níwájú. Fún ọmọbìnrin, kó wà nísàlẹ̀ láàárín.

Ìfọ̀ rẹ̀ rèé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ní ìdérí, ọ̀kan fún ti ìtọ̀, ọ̀kan fún ti ìgbẹ́. Èyí tí wọ́n pín níbi òkú àgbà, tí wọ́n ya àwòrán olóògbé sí lára, kò sí ilé Yorùbá tí kò sí. Ẹ lò ó, bàbá ò ní bínú. Àmọ́ ẹ má rẹ aṣọ sómi di ọjọ́ kejì. Nínú ooru ilẹ̀ wa, á ti máa rùn kí ilẹ̀ tó mọ́, bí àwọn ọmọ bá sì ti ń rá, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nílẹ̀ jẹ́ ewu ńlá, ọmọ lè dorí kodò sínú rẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣan án lójú ẹsẹ̀. Omi gbígbóná tó bá kọ́kọ́ kàn án ló máa ń jẹ́ kí àbàwọ́n lẹ̀ pin. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó di ojú oòrùn. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tó bá kù, oòrùn ló ń mú un lọ, kò gba bílíìṣì. Àwọn nǹkan olóòórùn dídùn tí wọ́n ní ó ń mú aṣọ rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń bo ara òwú, aṣọ náà ò sì ní fa omi dáadáa mọ́.

Bàbá Àbíyè, Òṣogbo

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ka èyí láìfèsì, ẹ sún mọ́bí. Nílé wa, èmi ni mò ń fọ nápíkìn. Ìyá ọmọ ń fún un lọ́mú lóru. Èmi ò lọ́mú, mo lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ omi tí Ìyá Ìbejì ń bẹ̀rù, bí a ṣe ń ṣe é rèé. Omi tí a fi wẹ ọmọ kì í lọ sí gọ́tà, òun la fi ń kọ́kọ́ ṣan nápíkìn oníìtọ̀. Omi tí a fi ṣàn án kẹ́yìn, tó ṣì mọ́, la máa fi fọ ti ọjọ́ kejì tàbí ká fi fọ ilẹ̀. Èyí tó bá dọ̀tí jù, ilé ìgbẹ́ là ń dà á sí dípò ká fa omi tuntun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ẹ̀fọ́ inú ọgbà nìkan ni mi ò dà á sí, torí ìgbẹ́ ọmọ ti kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ fún ohun ọ̀gbìn ní omi, omi ìwẹ̀ lásán ni kí ẹ bù sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wáìpù ò sí nílé wa àfi ọjọ́ ìrìn. Ògbólógbòó ìró àǹkárá tó ti rọ̀, mo gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mo lẹ etí rẹ̀ kó má tú. Flásíìkì omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bébà ni wáìpù. Ike wà nínú òwú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dí páìpù ilé ìgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Odò Ọ̀nà, Ìbàdàn

Ìmọ̀ràn tó wà lókè dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí mo ń rí àbájáde rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Èkíní: ìgbẹ́ ọmọ ò mọ́ ju ti àgbà lọ. Èrò pé kò lè ṣe nǹkan kan torí ọmú nìkan ló ń mu, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Ìbáà jẹ́ aṣọ, ìbáà jẹ́ páńpáàsì, ẹ gbọn ìgbẹ́ inú rẹ̀ sí ṣáláńgá tàbí ilé ìgbẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Kò gbọdọ̀ dé ẹ̀bá kànga.

Èkejì, tí àwọn tó wá láti ìlú òyìnbó kì í mọ̀: ẹ lọ nápíkìn. Eṣinṣin kan wà tó ń yé sára aṣọ, pàápàá èyí tí a sá síbi òjìji, tàbí tí a tẹ́ sórí koríko tàbí yanrìn. Ẹyin náà á pa, ìdin rẹ̀ á wọ abẹ́ awọ ọmọ, ibẹ̀ á wú, ẹ ó rò pé eéwo ni. Mo ti rí i nídìí ọmọ, mo ti rí i lẹ́yìn ọmọ. Okùn tó ga, ojú oòrùn gan-an, lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù gbígbóná lójú méjèèjì, kí ẹ tẹ etí aṣọ àti ojú ìrán dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹyin máa ń sá pamọ́ sí. Bí kò bá síná, áyọ́ọ̀nù eléèédú ti màmá yín ò tíì kú, ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó. Pátá rọ́bà nìkan ni kò ṣe é lọ̀. Ẹ sá a sínú ilé níbi tí àwọ̀n wà lójú fèrèsé.

Ẹ̀kẹta, káńfọ̀. Aṣọ àlòkù ni ọgbọ́n jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ ò ní wọ̀ ọ́ pẹ́ tó fi máa kéré sí i, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, lọ́jà òkìríkà. Àmọ́ nínú àpótí tó kún fún káńfọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó o pamọ́ sí de ọmọ tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ni èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òórùn káńfọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, ibà pọ́njú á dé, bó bá le ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa ọmọ. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn títí òórùn ọ̀hún á fi tán. Bí imú yín bá ṣì ń gbọ́ ọ, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ẹyinjú ọmọ tó bá ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ gbé e wá kíákíá, ẹ má sá ọmọ sóòrùn kí ẹ máa wòran.

Àdùnní, Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ó dùn mọ́ mi bí ẹ ṣe ń sọ oòrùn bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Níbí, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nápíkìn mi á wà lórí irin ìsáṣọ nínú pálọ̀ fún ọjọ́ méjì, ilé á sì máa rí bí ilé alágbàfọ̀.

Àwọn tó ń bi mí bóyá aṣọ yàtọ̀ lóòótọ́: lọ́dún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde láti ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí àyíká, Defra. Wọ́n ní èéfín tó ń mú ayé gbóná tó ti ara nápíkìn aláṣọ jáde fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti páńpáàsì. Ẹ wò ó dáadáa o, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń jẹ èrè náà níbí ni ẹ̀rọ: iná ẹ̀rọ ìfọṣọ, àti èyí tó burú jù, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí kò kún, tó tún ń gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ, èrè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ fọ̀, tí ẹ ń sá sóòrùn, tí ẹ tún máa lò ó fún àbúrò, ẹ ti ṣe jù wọ́n lọ.

Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù bíi tèmi, ẹ bi káńsù yín. Àwọn kan ń fún òbí ní ìwé tó dúró fún owó láti fi ra nápíkìn aláṣọ, Real Nappies for London lorúkọ ètò náà.

Ọmọ Èkìtì, Àjà

Ẹ má bínú, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Ní Àjà tí mo ń gbé, omi tí mo fi ń sè, mò ń rà á. Èyí tí mo fi ń wẹ̀, mò ń rà á. Bí mo bá ń fọ nápíkìn ìbejì lójoojúmọ́, owó ọlọ́mi, owó ọṣẹ, owó gáàsì tí mo fi se omi gbígbóná, ẹ ṣírò rẹ̀ fún mi. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kúrò níbi iṣẹ́, mi ò mọ aago tí mo máa délé. Ta ló máa fọ̀ ọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ gbà wá láti abúlé? Ìyẹn náà ọmọ èèyàn ni.

Àwọn iléeṣẹ́ ń rọ ike sọ́jà bí òjò, ìjọba ò pèsè omi, wọ́n wá ní kí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ojú abẹ rẹ̀ ò tíì jinná gbé ayé sórí. Mi ò fọ̀.

Bàbá Àbíyè, Òṣogbo

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àǹtí. Ẹni tó ń ra omi lọ́dọ̀ ọkọ̀ tàǹkì, mi ò ní bá a jà nítorí nápíkìn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹni tí kò bá lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ tàbí kó sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ, kó ra páńpáàsì.

Ìyá Àgbà Ìṣẹ́yìn (ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá ní kí n bi yín pé kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìfọ̀, tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ bí ọmọ ò ṣe ní ya á sára rárá.

Wọ́n ní bí ọmọ bá ti jí, tàbí tó mu ọmú tán, kí ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kí ẹ jẹ́ kó yà díẹ̀. Ẹ gbé ọmọ ka ojúgun yín, kí ìdí rẹ̀ bọ́ sí àlàfo àárín, kó kọjú sí yín. Ọwọ́ yín wà ní abíyá rẹ̀, ìka yín sì gbé ọrùn rẹ̀ ró bí kò bá tíì le. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ gbé póò sí i tàbí ewé. Ẹ wá máa ṣe é ní «ṣìììì» léraléra. Ní àkọ́kọ́ kò ní yé e. Tó bá yá, bó bá ti gbọ́ «ṣìììì» yẹn, á lọ́ ojú, á pọ́n, á fún un. Wọ́n ní kí ọmọ tó máa rìn, ó ti mọ̀ pé ibì kan wà tí a ń ṣe é sí.

Wọ́n tún ní ìyá tó ń pọn ọmọ máa ń mọ̀ ọ́n lára: ọmọ á máa ta ẹsẹ̀, á máa lọ́ra lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ tú ọ̀já kíá. Màmá ń rẹ́rìn-ín báyìí, wọ́n ní ìyá tó bá pẹ́ kó tó tú u, kó má bínú sí ọmọ.

Ọmọ Èkìtì, Àjà

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Èyí ò gba omi, kò gbowó. Màá gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀.

Jọkẹ́, Ìkẹjà

Ìyá Ìbejì béèrè fídà. Bí ọmú bá tó, òun ni kò ní agolo, kò ní ike, kò gba gáàsì. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ọmọ, kò sí omi, kò sí àgbo. Oṣù mẹ́fà ni ìjọba Èkó fọwọ́ sí lọ́dún 2014 pé kí obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi sinmi ìbímọ, àwa ìyókù tó wà níṣẹ́ aládàáni mọ bó ṣe rí fún wa. Mo máa ń fún wàrà tèmi sínú ife níbi iṣẹ́.

Bí ẹ bá ń fi mílíìkì oníyẹ̀fun kún un, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2020 àwọn onímọ̀ ní Trinity College, Dublin, rí i pé fídà oníke tí wọ́n fi polypropylene ṣe máa ń bọ́ ẹ̀rún ike tí ojú ò lè rí sínú wàrà tí omi inú rẹ̀ bá gbóná. Omi gbígbóná sì pọn dandan láti pa kòkòrò inú mílíìkì, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n 70 Celsius lọ. Ọ̀nà àbáyọ ò le: ẹ pò ó nínú ife onírin tàbí ti gíláàsì, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó dà á sí fídà. Tàbí kí ẹ má lo fídà rárá. Ife kékeré àti ṣíbí tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ìwòsàn, ó rọrùn láti fọ̀, kò ní kọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbin ń sá sí. Agolo mílíìkì tó bá tán, àwọn tó ń ta gaàrí ń wá a.

Nọ́ọ̀sì Odò Ọ̀nà, Ìbàdàn

Ẹ ṣé, àǹtí Jọkẹ́. Ìyá Ìbejì, ní ti ọmú fún ìbejì: bí wọ́n bá ṣe ń mu ún ló ṣe ń wá. Ọ̀pọ̀ ló ń dá fún méjì tó yó. Ẹ jẹun, ẹ mumi, kí ẹnì kan bá yín gbé ọ̀kan jókòó.

Ẹ tún béèrè nǹkan ìbílẹ̀. Òrí dáa, èyí tí kò ní àdàlù, ẹ fi díẹ̀ pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Òróró àgbọn náà dáa. Ọṣẹ dúdú, eérú ni wọ́n fi ṣe é, ó le, ó ń ta ojú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i, bí ẹ bá máa lò ó kó jẹ́ fífẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ti pò mómi. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ le jù fún awọ ọmọ oṣù mẹ́ta, àkísà rírọ̀ tó.

Tìróò ni kí ẹ jìnnà sí. Mo mọ̀ pé ẹ ò béèrè, àmọ́ ìyá ọkọ wà nílé. Òjé ló wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láìpariwo. Lọ́dún 2011, ní Boston l'Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń lé sí i lójú ni. Pé ilẹ̀ ni nǹkan ti wá ò ní kó má pa ọmọ lára.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìdí ọmọ tó. Imú rẹ̀ ń kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye nápíkìn, tí ẹ sì ń fi èédú sè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ń sùn sí, ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe síyẹn. Èéfín èédú àti igi ń fa òtútù àyà fún ọmọdé, ó sì ń pa wọ́n. Bí gáàsì bá wọ́n, ẹ gbé ààrò síta gbangba, kí ẹlòmíràn gbé ọmọ. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé sí kọ́rídọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn rárá, ó ń pa ìdílé lójú oorun. Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà, èéfín ni. Àwọ̀n apẹ̀fọn tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn, ẹ so ó sórí ibùsùn, ẹ má fi ṣe ọgbà adìyẹ.

Ìyá Ìbejì, ní ti aládùúgbò yín tó ń sun páńpáàsì. Ike ló pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn hóró kéékèèké tó ń fa ìtọ̀ di jẹ́lì. Bí ó bá ń jó, èéfín olóró ló ń rú, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má bá a jà. Ládùúgbò wa, ìyàwó mi lọ bá wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní «ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí ọmọ yín yìí ṣe ń wúkọ́», wọ́n sì jáwọ́. Ilé mẹ́rin dáwó jọ ra dúrọ́ọ̀mù kan tó ní ìdérí, a wá ń san owó fún ọlọ́kọ̀ kan tó ń kó o lọ sí àkìtàn ìjọba. Láìsí ìgbẹ́ nínú rẹ̀, tí ẹ ká a tí ẹ fi gọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dì í, kì í rùn tó bí ẹ ṣe rò.

Aboyún Ìjẹ̀bú

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ yà díẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni tèmi. Ìdọ̀tí ọjọ́ ìkómọjáde ń bà mí lẹ́rù ju ti páńpáàsì lọ. Ní ti àbúrò mi, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike oúnjẹ tí a gbá lọ́jọ́ kejì ga tó èèyàn.

Màmá Fọlá, Abẹ́òkúta

Ẹ ó bí tibi-tire, ìyá. Ẹ yá abọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá ni ní kánópì àti àga, kí ẹ sanwó fún obìnrin méjì tó máa fọ̀ ọ́. Mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ̀kọ eléwé: ewé ò ní ìṣòro, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Omi inú kúlà ńlá àti ife. Sítáròfóòmù, Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn olóúnjẹ yín ní Ìjẹ̀bú náà á ti gbọ́. Ẹ má sì pín ike tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sí. Ilé gbogbo wa ti kún.

Nọ́ọ̀sì Odò Ọ̀nà, Ìbàdàn

Aboyún Ìjẹ̀bú, ẹ béèrè gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ ọmọ nílé ìwòsàn tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Kò sí ewé, kò sí epo, kò sí òrí lójú ìwọ́.

Ìyá Ìbejì Mọ̀níyà

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Nígbà tó dé ibi tí Bàbá Àbíyè ní òun lọ́wọ́, ó wojú mi, ó ní «ó yé mi». Òun ló máa fọ ti alẹ́. Dọ́sìnnì méjì la máa kọ́kọ́ rà, ìyá ọkọ mi sì ti tú àpótí ìró wọn. A ti bẹ̀rẹ̀ «ṣìììì» ti Màmá Ìṣẹ́yìn. Táyé gbà, Kẹ́yìn ń wò wá níran.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá padà síṣẹ́, kírẹ́ẹ̀ṣì tí mo rí sọ pé àwọn ò fẹ́ aṣọ, páńpáàsì nìkan. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ ọ́?

Màmá Fọlá, Abẹ́òkúta

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni píìnì àti ìfọ̀. Ẹ má gbé píìnì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ti ṣẹ́ ẹ ní ìwọ̀n ọmọ láti ilé, kí ẹ tò ó sínú pátá rọ́bà kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé fífà sókè ló kù. Ẹ fi àpò kan tó ní síìpù tì í, kí ọ̀rá wà nínú rẹ̀ kí omi má jò, kí wọ́n kó èyí tó tutù sí i láìfọwọ́ kàn án ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé wọn ò ní fọ nǹkan kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ fún wọn ní páńpáàsì, kí ẹ máa lo aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sára pátá rọ́bà kọ̀ọ̀kan o, wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ti ọmọ ọlọ́mọ.